Irinṣẹ́ Àjùmọ̀ní: Ìtàn Bí Àwọn Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Pín Iṣẹ́ Ọwọ́ Wọn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà jẹun lóde òní, yálà Yábàá ní Èkó ni wọ́n jókòó sí tàbí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni ó rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó bí àṣà pé kí ènìyàn fi òógùn ojú kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tán, kí ó sì gbé e kalẹ̀ ní gbangba, tinú tòde, pé kí ẹni tí ó bá wù máa mú un lò, kí ó máa tún un ṣe, kí ó sì máa fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní open source, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ìtàn iṣẹ́ yìí dé ìdí rẹ̀, a ó rí i pé pínpín ni àgbà nínú ilé náà, àti pé ilẹ̀kùn títì ni àlejò tí ó dé lẹ́yìn, tí ó nasẹ̀, tí ó sì fẹ́ máa pe ara rẹ̀ ní onílé.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1949, ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EDSAC ṣe ìṣirò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ àkóso Maurice Wilkes. Ẹ̀rọ náà gba yàrá, ṣùgbọ́n ohun tí ó mọ̀ kò tó nǹkan: ó mọ àròpọ̀, ó mọ àyọkúrò, ó mọ ìsọdipúpọ̀, kò sì mọ bí a ti ń fi nọ́ńbà kan pín òmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ pín nǹkan níláti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún un lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń wá ìmọ̀ nípa ìràwọ̀ níláti kọ ọ́, ẹni tí ń wá ìmọ̀ nípa àrùn níláti kọ ọ́, oníkálukú a sì ṣe àṣìṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wilkes fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé ó yé òun lójijì lórí àtẹ̀gùn pé apá tí ó pọ̀ nínú ìyókù ọjọ́ ayé òun ni òun yóò máa fi wá àṣìṣe nínú ètò tí òun tìkára òun kọ.

David Wheeler, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Wilkes, ni ó la ọ̀nà fún wọn: pé kí a kọ irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a kọ ọ́ ní àkọyanjú, kí a sì kọ ọ́ lọ́nà tí ètò mìíràn fi lè yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó gba èsì, kí ó sì padà sí ibi tí ó ti yà. Wọ́n ń lu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sára téèpù bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ márùn-ún ní ìbú, wọ́n sì kó àwọn téèpù náà sínú àpótí kan. Ẹni tí ó bá ní ìṣirò láti ṣe yóò lọ sí ìdí àpótí, yóò mú téèpù tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jáde, yóò fi ẹ̀rọ da àwọn ihò rẹ̀ kọ sórí téèpù tirẹ̀, yóò sì dá ojúlówó padà sí àyè rẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1951, iṣẹ́ 87 ni ó ti wà nínú àpótí yìí, tí wọ́n ń pè ní láíbúrárì, bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń pe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ní ọdún náà gan-an ni Wilkes, Wheeler àti Stanley Gill kó ọgbọ́n inú àpótí jọ sínú ìwé, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé Cambridge láéláé lè rí i kà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, àwọn ọ̀mọ̀ràn wọ̀nyí kò sì rí ìtìjú kankan nínú pé kí wọ́n lo ọgbọ́n ara wọn.

Bákan náà ni ọmọ ṣe orí ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1953, àwọn tí ó ṣe kọ̀ǹpútà UNIVAC fún àwọn oníbàárà wọn ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní A-2 pẹ̀lú gbogbo kóòdù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ tí oníṣẹ́ kọ fún ẹ̀rọ, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n pé kí ẹni tí ó bá rí ibi tí ó lè tún ṣe fi àtúnṣe náà ránṣẹ́. Ní ọdún 1955, àwọn tí ń lo ẹ̀rọ IBM ní agbègbè Los Angeles, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, tí ilé-iṣẹ́ wọn sì ń bá ara wọn figagbága lójú ọjà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní SHARE, kí wọ́n lè máa pín ètò tí oníkálukú wọn kọ fún ara wọn. Mo fẹ́ kí òǹkàwé mi fi ọkàn sí èyí: kì í ṣe ọ̀rẹ́ ni wọ́n, kì í sì í ṣe ọlọ́rẹ-àánú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kò sí èrè kankan fún ẹnikẹ́ni nínú kí ilé-iṣẹ́ ogún kọ ìṣirò kan náà lọ́nà ogún.

Ẹ̀rọ ni wọ́n ń tà nígbà náà, tàbí kí wọ́n fi í háyà. Ètò jẹ́ ẹ̀nì tí ó bá ọjà rìn. Ó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1969 kí ilé-iṣẹ́ IBM, tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣọ́ nítorí pé ó tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó kéde pé láti ìsinsìnyí lọ òun yóò máa dá owó lé ọ̀pọ̀ ètò lọ́tọ̀. Ọjọ́ náà ni ètò kọ̀ǹpútà di ọjà gidi, nígbà tí ó sì ti di ọjà, ó gba àgádágodo. Bill Gates, tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, kọ lẹ́tà ìta gbangba kan ní oṣù Kejì ọdún 1976, ó fi bá àwọn tí ń ṣe àdàkọ ètò BASIC tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ wí, ó sì bi wọ́n léèrè pé ta ni ó lè máa ṣe iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú láìgba owó. N kò dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń fi lẹ́tà náà bú u. Òtítọ́ ni pé àgbẹ̀ tí kò jẹ nínú oko rẹ̀ kò ní padà lọ sí oko, ìbéèrè tí ó sì bi wọn yóò tún jí dìde níwájú nínú ìtàn yìí.

Ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní ọdún 1969 náà, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix, ètò àgbà tí ń darí kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T tí ó ni Bell Labs ti bá ìjọba ṣe àdéhùn ní ọdún 1956 pé òun kò ní tẹ ẹsẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ tẹlifóònù, nítorí náà kò lè sọ Unix di ọjà bí ó ti wù ú. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ń fi téèpù rẹ̀, kóòdù rẹ̀ nínú, ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì ní owó táṣẹ́rẹ́. Ní Berkeley, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi Bill Joy tún un ṣe, wọ́n fi kún un, wọ́n sì ń fi téèpù tiwọn ránṣẹ́ láti ọdún 1978. Ní Australia, olùkọ́ kan, John Lions, tẹ gbogbo kóòdù àárín Unix sínú ìwé, ó ń ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlà-ní-ìlà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ìwé náà sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí AT&T kò fẹ́ kí a máa kọ́ni pẹ̀lú rẹ̀ mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé ń fi ẹ̀rọ adàwékọ da ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà títí lẹ́tà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Nígbà tí wọ́n fọ́ AT&T sí wẹ́wẹ́ ní ọdún 1984, tí àdéhùn àtijọ́ sì kásẹ̀ nílẹ̀, owó Unix gun òkè àjà.

Ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí dùn ju gbogbo ènìyàn lọ, Richard Stallman, òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà ní yàrá wọn láyé àtijọ́ tí bébà a máa há sí nínú, Stallman sì ti kọ kóòdù kún ètò rẹ̀ tí yóò fi máa ránṣẹ́ sí àwọn tí iṣẹ́ wọn wà lórí ìlà pé ẹ̀rọ ti há, ẹ wá tú u. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ọdún 1980 dé tàbí lẹ́yìn tí ó dé, Xerox ta wọ́n lọ́rẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tí ó yára jù ú lọ. Òun náà a máa há, ṣùgbọ́n kóòdù rẹ̀ kò bá a wá, ènìyàn a sì rin àjà kan sí èkejì lọ gba bébà rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ti dákẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Stallman gbọ́ pé ẹnì kan ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní kóòdù náà lọ́wọ́, ó lọ bá a, ó tọrọ rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà sì ní òun ti ṣe ìlérí pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Àìrí kóòdù náà gbà nìkan kọ́ ni ó bà á nínú jẹ́. Ohun tí ó bà á nínú jẹ́ ni pé oníṣẹ́ ti bá olówó mulẹ̀ láti ṣẹ́ oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé bí èyí bá di àṣà, iṣẹ́ tí òun dàgbà sínú rẹ̀ ti tán.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, ó kéde pé òun yóò kọ ètò àgbà tuntun tí yóò dà bí Unix, GNU ni orúkọ rẹ̀, gbogbo ayé ni yóò sì ni ín. Nínú oṣù Kìíní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó fi iṣẹ́ MIT sílẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ náà má baà sọ pé tòun ni iṣẹ́ náà. Èrò àwọn tí ó gbọ́ ni pé ó ti ya wèrè, nítorí pé iṣẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ọkùnrin kan dá gbé lé orí.

Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ó fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá tẹ̀ dó sí ilẹ̀ tuntun kò ní kọ́kọ́ rọ ọkọ́ àti àdá fún ará oko. Òòlù, ẹ̀mú àti owú ni yóò kọ́kọ́ rọ, nítorí inú wọn ni ohun gbogbo yóò ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ni Stallman kọ́kọ́ ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe irinṣẹ́. Emacs ni èkíní, èyí tí a fi ń kọ kóòdù. Ní ọdún 1985 ó ń ta téèpù rẹ̀ ní 150 dọ́là kí ó lè rí oúnjẹ jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti rà á. Èkejì ni kọ̀ǹpáílà, ètò tí ń sọ ohun tí ènìyàn kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè gbọ́. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti ṣe àtúnlò ọ̀kan tí wọ́n kọ ní Lawrence Livermore ní California, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fẹ́ àyè ìrántí tí ó tó ọ̀pọ̀ mẹ́gábáìtì nígbà tí ó jẹ́ pé 64 kìlóbáìtì péré ni ẹ̀rọ tí ó wà lọ́jà lè yọ̀ǹda fún un. Ó dà á nù, ó tún un kọ láti ìpìlẹ̀, ó sì gbé GCC jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1987.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń dán GCC wò, nítorí ó jẹ́ ohun tí ó wù mí púpọ̀. Wọ́n a fi kọ̀ǹpáílà àlejò kan ṣe GCC nígbà àkọ́kọ́; wọ́n a wá fi GCC tí ó jáde yìí tún GCC ṣe láti inú kóòdù kan náà; wọ́n a sì tún fi èyí tí ó jáde nígbà kejì ṣe ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn èyí, wọ́n a gbé èkejì àti ẹ̀kẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí wọ́n bá sì fi báìtì kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ara wọn, iṣẹ́ ti bàjẹ́ níbì kan, a ó sì padà lọ wá a. Bí wọ́n bá dọ́gba, ọmọ ti já àlejò jù sílẹ̀, ó ti lè bí ara rẹ̀.

Oko kì í jẹ́ ti baba ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Stallman mọ̀ pé bí òun bá kàn ju iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìta, ilé-iṣẹ́ ńlá yóò gbé e, yóò fi díẹ̀ kún un, yóò sì tì í mọ́lé. Nítorí náà, ó ṣe ìwé àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní GPL, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejì ọdún 1989: ẹni tí ó bá wù ú kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó tà á pàápàá, ṣùgbọ́n bí ó bá fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí kóòdù àti ẹ̀tọ́ tí òun náà rí gbà bá a lọ. Ìwé yìí kò pẹ́ kí ó tó jà fún ara rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ NeXT ti Steve Jobs fi GCC ṣe kọ̀ǹpáílà fún èdè Objective-C, tí ó sì fẹ́ fi apá tirẹ̀ pamọ́, wọ́n rán an létí àdéhùn, ó sì gbé e síta. Ilé-iṣẹ́ Sun náà wá ṣe ohun tí ó ran GCC lọ́wọ́ ju gbogbo ìpolówó lọ: ó yọ kọ̀ǹpáílà kúrò lára ohun tí ó ń fi sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kí oníbàárà wá rà á lọ́tọ̀. Àwọn oníbàárà yí ojú sí GCC.

Ìtàn Linux kò ní gbà wá lákòókò, nítorí ó ti di ìtàn tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki, kéde pé òun ń kọ ètò àgbà kan fún ìgbádùn ara òun. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ni pé nínú ìkéde náà gan-an ni ó ti sọ pé irinṣẹ́ méjì ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bash àti gcc, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ti GNU. Ní ọdún 1992, ó fi Linux sábẹ́ GPL. Nígbà tí Christine Peterson sì mú orúkọ náà open source wá ní oṣù Kejì ọdún 1998, ohun tí ó ń fún lórúkọ ti gbó.

Àwọn ètò ńlá wọ̀nyí ni ìtàn máa ń yìn, ṣùgbọ́n àwọn láíbúrárì kékeré ni ó gbé ayé òde òní dúró. Ní ọdún 1996, Daniel Stenberg ní Sweden ń wá bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò ti máa lọ wo iye tí owó orílẹ̀-èdè kan jẹ́ sí òmíràn lójoojúmọ́. Ó rí ètò kékeré kan tí Rafael Sagula, ará Brazil, kọ, ó mú un, ó ń tún un ṣe, ó ń fi kún un, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní curl ní oṣù Kẹta ọdún 1998. Ní ọdún 2000, ó sọ ọ́ di láíbúrárì tí ètò mìíràn lè pè wá ṣiṣẹ́, lónìí ó wà nínú fóònù, nínú tẹlifíṣọ̀n, nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, Stenberg ṣì ń tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tí ó kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, nọ́ńbà kan wà fún ẹ, kò sì sí nọ́ńbà kankan tí ó dá dúró fún ẹ́ tàbí fún ọ̀. Lẹ́tà yóò wá lọ́tọ̀, àmì ohùn yóò wá lọ́tọ̀, ètò kan sì níláti mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé kí ó má baà yà bàrá, kí ó má baà bọ́ sórí lẹ́tà mìíràn, kí ó sì má pa àmì tí ó wà nísàlẹ̀ lára. Láíbúrárì HarfBuzz, tí Behdad Esfahbod ọmọ ilẹ̀ Iran ṣe aṣáájú rẹ̀, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú Android, nínú Firefox àti nínú Chrome, ó sì ń bá FreeType rìn, èyí tí David Turner bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996 láti máa ya àwòrán lẹ́tà. Àwọn tí kò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa ni ó kọ ọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, òun ni ó sì ń jẹ́ kí ìwé ìròyìn Yorùbá ṣeé kà lórí fóònù láìsí pé *ọkọ* di *ọkọ̀*. Inú mi dùn pé àwọn ọmọ wa náà ti ń mú tiwọn wá: nígbà tí Open Source Community Africa pe àjọ̀dún wọn àkọ́kọ́ ní Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2020, iṣẹ́ irú èyí ni wọ́n pé jọ sí.

Ìbéèrè Gates, pé ta ni ó lè máa ṣiṣẹ́ láìgba owó, kò sì tíì rí ìdáhùn. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ayé gbọ́ nípa Heartbleed. Láíbúrárì OpenSSL, tí ń bo àṣírí ọ̀rọ̀ aṣínà àti owó ènìyàn mọ́lẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní àyè kan tí kọ̀ǹpútà kan fi lè kí èkejì láti mọ̀ bóyá ó wà láàyè: mo fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́, gígùn rẹ̀ jẹ́ báyìí, dá a padà fún mi. Ẹni tí ó kọ ọ́ gbàgbé láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òtítọ́ ni gígùn tí àlejò sọ. Bí àlejò bá fi ẹyọ lẹ́tà kan ránṣẹ́, tí ó sì ní ó gùn tó 64,000, OpenSSL a bu ohunkóhun tí ó bá wà nítòsí nínú ìrántí ẹ̀rọ, a sì kó o lé e lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ aṣínà àti kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú. Ọdún méjì ni ihò yìí fi wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá béèrè ta ni ń ṣọ́ iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ olówó gọbọi gbára lé, wọ́n rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe é, àti pé ọrẹ tí ń wọlé lọ́dún kò ju nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ. Ìtìjú ni, n kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wá dá owó jọ ní oṣù náà gan-an lábẹ́ Linux Foundation, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láíbúrárì tí ó ti di gbajúmọ̀ nípa ìjàǹbá ni irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò dé ọ̀dọ̀ Lasse Collin. Ní Finland ni ó wà, òun ni ó sì ń tọ́jú xz, ètò tí ń fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ Linux. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé ó rẹ òun. Àwọn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ń fi ọ̀rọ̀ gún un lára pé ó ń falẹ̀, ẹnì kan tí ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan sì ń ràn án lọ́wọ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí tí wọ́n fi fi àṣẹ lé e lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, tí ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ yóò fi lè wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìkan ilẹ̀kùn. Andres Freund, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, ètò tí ń tọ́jú àkójọ ìsọfúnni, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sí ẹ̀rọ rẹ̀ ń pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò gbójú fò ó, ó tọ ipa rẹ̀ lọ, ó sì kéde rẹ̀ fún ayé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta. Collin padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń yẹ gbogbo ohun tí Jia Tan fi ọwọ́ kàn wò, ó ń yọ èyí tí ó yẹ ní yíyọ, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ó gbé ẹ̀dà 5.6.2 jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn.